Sa'adatu Kò Kọjá: Àṣìṣe Ìhun Gbólóhùn Láàárín Dátábéèsì Méjì

Ìfáàrà

Nígbà tí a lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ wò ní Barakallahu, ní àríwá ìlú Kaduna lójú ọ̀nà Zaria, ni a bá ìṣòro tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ètò kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń gba owó ilé-ẹ̀kọ́ ń kó orúkọ sínú MySQL. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe èsì ìdánwò, tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ń lo SQL Server. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà fẹ́ kó orúkọ láti inú ti àkọ́kọ́ lọ sínú èkejì, gbólóhùn kan fún orúkọ kan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kọjá. Àwọn kan kò kọjá: Sa'adatu, Mu'azu, Isma'il. Kí a tó dé, ó ti ń pa àmì kékeré tí ó wà láàárín orúkọ wọ̀nyí rẹ́ nínú MySQL gan-an, kí iṣẹ́ lè máa lọ.

A kò bá a wí, nítorí pé wọ́n ń retí èsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ fónẹ́tíìkì mọ̀ pé àmì yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Nínú èdè Hausa, kọ́ńsónáǹtì ni, ìró àsénupè tí a fi tán-án-ná pè. Ẹni tí ó yọ ọ́ kúrò nínú Sa'adatu ti yọ kọ́ńsónáǹtì kan kúrò nínú orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ti fónẹ́tíìkì. JAMB ń lo nọ́mbà ìdánimọ̀ NIN láti fi forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀; bí orúkọ inú ìwé kan kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn, òbí ni yóò máa lọ búra ní kóòtù.

Èdè kan, ẹ̀ka-èdè púpọ̀

SQL ni èdè tí a fi ń bá púpọ̀ nínú àwọn dátábéèsì sọ̀rọ̀. Edgar Codd, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ni ó kọ ìwé tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1970. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce sì gbé èdè náà jáde ní 1974, SEQUEL ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọdún 1986 ni àjọ ANSI ti Amẹ́ríkà tó fi òfin gírámà lé e lórí, ISO sì tẹ́wọ́ gbà á ní 1987. Ṣùgbọ́n Oracle ti ń ta tirẹ̀ láti 1979. Kí òfin tó dé, àṣà ti wà nílẹ̀, olúkúlùkù sì di tirẹ̀ mú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣe àjèjì sí àwa tí a ń kọ́ni ní èdè. Ará Èkìtì a máa pe ilé ní ulé, ará Ọ̀yọ́ a sì gbọ́ ọ yé. Kọ̀ǹpútà ni kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá péré. Ní MySQL àti PostgreSQL, a ó wí pé:

SELECT oruko FROM akeko LIMIT 10

Ní SQL Server:

SELECT TOP 10 oruko FROM akeko

Oracle kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Láti ẹ̀dà 12c ni ó ti ń gba FETCH FIRST 10 ROWS ONLY. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì tí a fi ń yí orúkọ òpó ká nígbà tí àlàfo bá wà nínú rẹ̀: MySQL ń lo àmì backtick, SQL Server ń lo àkámọ́ onígun, òfin ANSI ní kí a lo àmì àyọlò méjì-méjì. Bí a kò bá sì yí ètò MySQL padà, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò ka ohun tí ó wà nínú àmì àyọlò méjì-méjì sí, kò ní kà á sí orúkọ òpó.

Ta ni ó ń ráhùn?

Bí a bá so dátábéèsì méjì pọ̀, ODBC, tí Microsoft gbé jáde ní 1992, ni ó sábà máa ń jókòó láàárín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ògbufọ̀ ni. Alárinà ni: iṣẹ́ tí a rán an ni ó ń jẹ́, ní ẹ̀ka-èdè tí a fi rán an. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú gbólóhùn wa, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹni tí ó ń ráhùn. Nọ́mbà àṣìṣe ni yóò sọ fún wa. Bí ó bá jẹ́ 102 tàbí 105, SQL Server fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa kò yé. Iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ kúrò nílé. Bí ó bá jẹ́ 7321, SQL Server ti jẹ́ iṣẹ́ náà, ẹni tí ó wà lódìkejì ni ó kọ̀ ọ́. 1064 ni MySQL fi ń sọ̀rọ̀. ORA ni ó máa ń ṣíwájú nọ́mbà ti Oracle. A ti rí ẹni tí ó fi ọjọ́ odidi tún gbólóhùn tí kò ní àléébù ṣe, nítorí pé kò wo nọ́mbà.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbé gbólóhùn náà lọ sí ilé ẹni tí ó kọ̀ ọ́, kí a sọ ọ́ níbẹ̀ tààrà láìsí alárinà. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀nà ni ó bà á jẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀ka-èdè ni kò bá a mu.

Àmì inú àmì

Ọ̀rọ̀ Sa'adatu nìyí. Àmì àyọlò ẹyọ kan ni SQL fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Nígbà tí MySQL ń kó orúkọ jáde sínú fáìlì, ó kọ ọ́ báyìí: 'Sa\'adatu'. Ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ yẹn ni ó fi ń sọ pé àmì tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ara orúkọ. SQL Server kò mọ àṣà yẹn. Lójú tirẹ̀, orúkọ ti parí síbi Sa\, kò sì mọ ohun tí ìyókù ń wá. Èsì rẹ̀ ni: Incorrect syntax near 'adatu'. Ìdajì orúkọ ọmọ náà ni ó ń dá padà fún wa.

Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbọ́ ni kí a tẹ àmì náà lẹ́ẹ̀mejì: 'Sa''adatu'. Àmọ́ bí a bá ń lo OPENQUERY láti inú SQL Server, gbogbo ìbéèrè ni a ti fi sínú àmì àyọlò kan náà, nítorí náà gbogbo èyí tí ó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì sí i:

SELECT * FROM OPENQUERY(OWO, 'SELECT nomba FROM akeko WHERE oruko = ''Sa''''adatu''')

Mẹ́rin ní àárín, mẹ́ta ní ìparí. Ojú ènìyàn kò lè máa ka èyí láìṣì í kà. Ìdí nìyí tí a fi fara mọ́ ọ̀nà kejì, pé kí a fi àyè sílẹ̀ nínú gbólóhùn pẹ̀lú àmì ìbéèrè, kí orúkọ sì wá lọ́tọ̀:

INSERT INTO akeko (oruko) VALUES (?)

Báyìí, kò sí ohun tí orúkọ lè bàjẹ́, nítorí kò sí nínú gbólóhùn mọ́. Ilẹ̀kùn tí àwọn olè ń gbà wọ dátábéèsì tún ti sé pẹ̀lú, nítorí ibi tí àmì Sa'adatu ti ń dá gbólóhùn dúró gan-an ni wọ́n ti ń fi àṣẹ tiwọn kún un. OPENQUERY kò gba irú àyè yìí. EXECUTE pẹ̀lú AT gbà á.

Ohun kékeré méjì kù. Ẹni tí ó bá da gbólóhùn SQL kọ láti inú Word yóò rí i pé Word ti tẹ àmì àyọlò náà kọdọrọ. Kọ̀ǹpútà kò kà á sí àmì àyọlò mọ́. Èkejì kàn wá jù: bí a kò bá fi lẹ́tà N ṣíwájú orúkọ bíi N'Ṣọlá' ní SQL Server, lẹ́tà tí a fàmì sí nísàlẹ̀ lè di àmì ìbéèrè. Kò sí ìkéde àṣìṣe kankan. Èyí tí ó ń pariwo sàn ju èyí tí ó dákẹ́ lọ.

Ní Barakallahu, àwọn orúkọ tí ó kù kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn tí ó ti pa àmì wọn rẹ́ kí a tó dé ni ó ṣòro, nítorí kò sí ẹ̀dà mìíràn, kọ̀ǹpútà kò sì lè mọ ibi tí àmì wà tẹ́lẹ̀. A ní kí ó lọ gbé fáìlì fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé wá, èyí tí àwọn òbí fi ọwọ́ ara wọn kọ. A jókòó tì í, a ń pe orúkọ, ó ń tẹ̀ ẹ́.