Ọrọọrún Nínú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Mọ Ọjọ́ Ọjà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pa òwe yìí láìbi ara wọn léèrè pé ọjọ́ mélòó gan-an ni ó wà láàrin ọrún kan àti ọrún kejì. Láyé àtijọ́, àìbéèrè náà kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé gbogbo ìlú ni ó mọ ọjọ́ ọjà rẹ̀ bí ènìyàn ti ń mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òde òní, àwọn ọ̀dọ́ ti lè kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa rán àwọn ọlọ́jà létí, ẹ̀rọ kò sì mọ ohun tí ìlú mọ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kékeré yìí yóò kọ ètò tí yóò máa pe ènìyàn sí ọjà ní ọjọ́ tí ọjà dá páropáro.

Ọ̀nà méjì tí a ń gbà ka ọjọ́

Ìlú Ìdógò ní ilẹ̀ Yewa, tí kò jìnnà sí Ìlaròó, yẹ ní ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ àlàyé yìí. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n la ojú irin láti Ifọ̀, tí ó gba Ìlaròó kọjá, tí ó sì parí sí Ìdógò. Nígbà tí reluwé fi ń dé ibẹ̀, ọ̀nà méjì tí a ń gbà ka ọjọ́ ni ó pàdé ní ìlú náà. Reluwé ń tẹ̀ lé aago àti ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó wá. Ọ̀pọ̀ ọjà agbègbè náà ní tiwọn ń tẹ̀ lé ọrún, èyí tí í ṣe ọ̀sẹ̀ àwọn baba ńlá wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ẹrù láti ọjà wọ reluwé ní láti fi orí kan ṣoṣo gbé ìṣirò méjèèjì.

Ìṣirò méjèèjì kò sì bára dọ́gba. Bí ọjà ọrọọrún bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú àti Ọjọ́bọ̀, kí ó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, 28, ni ó gbà á láti yí po bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é. Ọrún kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ènìyàn ni yóò kọ́ ọ.

Kí ni iṣẹ́ ètò àkókò?

Ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì dà bí olùtajà tí ó jókòó ti igbá rẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ọ̀rọ̀, yóò dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kí i, kò ní la ẹnu. Bí a bá wá fẹ́ kí ojúlé náà fúnra rẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ kan nígbà tí àkókò iṣẹ́ náà bá tó, láìsí ẹni tí ó pè é, a ní láti fi ètò àkókò kún un. Nǹkan mẹ́ta ni ètò bẹ́ẹ̀ máa ń ní.

Èkínní ni àkọsílẹ̀, níbi tí a kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, ìgbà tí ó yẹ kí a ṣe é, àti bóyá a ti ṣe é. Èkejì ni olùṣọ́, tí ń wo aago ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú tí ó sì ń yẹ àkọsílẹ̀ náà wò bóyá àkókò iṣẹ́ kan ti tó. Ẹ̀kẹta ni òṣìṣẹ́, tí ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, bí àpẹẹrẹ, kí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù ọlọ́jà. Bí àkọsílẹ̀ kò bá sí, ìjàǹbá méjì ni ó ń tẹ̀ lé e. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ sì kú ní àkókò iṣẹ́, iṣẹ́ náà di ìgbàgbé. Bí olùṣọ́ méjì bá sì ń wo aago lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà lè dé etí ọlọ́jà lẹ́ẹ̀mejì.

Ètò irú èyí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ó wà nínú Unix, ètò kọ̀ǹpútà tí ó ti iléeṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà jáde, láti àwọn ọdún 1970. Orúkọ rẹ̀ ni cron, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí àìmọye kọ̀ǹpútà títí di òní. Ipò márùn-ún ni ènìyàn máa ń kọ àkókò sí nínú rẹ̀: ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ inú oṣù, oṣù, àti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ 0 18 * * * ti pàṣẹ pé kí iṣẹ́ máa wáyé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́.

Márùn-ún tí í ṣe mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a wá fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó fẹ́ ṣe irú ètò yìí fún àwọn ọlọ́jà. Ó tọ ìyá kan tí ń ta tòmátì lọ.

“Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọgbá.”

“Àṣẹ, ọmọ mi.”

“Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ mélòó-mélòó ni ẹ ń ná ọjà yín?”

“Ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún ni.”

Akẹ́kọ̀ọ́ dúpẹ́, ó padà sílé, ó sì kọ 5 sínú ètò rẹ̀. Ìyá kò purọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ní àgbọ́yé-òdì ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí a sọ. Síbẹ̀, ètò náà ti bàjẹ́, nítorí pé Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí ó wà mọ́ iye. Òní ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọjọ́ tí ọjà yóò tún kò ni ọjọ́ karùn-ún. Ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kì í ka òní. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọjọ́ kan àti èkejì ni ó ń kà, mẹ́rin péré sì ni ìyàtọ̀ náà.

Ẹ̀rí ọ̀nà ìṣirò yìí pọ̀ nínú èdè wa. Ìjẹta ni a ń pe ọjọ́ tí ó ṣáájú àná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ni ó ti kọjá. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, tí a óò sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni a óò sọ ọ́ lórúkọ. Ìsán, tí í ṣe ọjọ́ kẹsàn-án, jẹ́ ìyàtọ̀ ọjọ́ mẹ́jọ. Ìtàdógún, tí í ṣe ọjọ́ kẹtàdínlógún, jẹ́ ìyàtọ̀ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: gbogbo wọn ni mẹ́rin pín láìṣẹ́kù. Ètò kan náà tí ó gún régé ni, bí a bá ti mọ ibi tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń kà báyìí. Lẹ́yìn ààlà ilẹ̀ Yewa, ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn tí ń sọ èdè Faransé máa ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà ń fi orúkọ ọjọ́ kẹsàn-án pe ọjà tí wọ́n ń ná ní ìyàtọ̀ ọjọ́ mẹ́jọ. Àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa yìí sì ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Julius Caesar tún kàlẹ́ńdà ṣe, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì pàṣẹ pé kí a máa fi ọjọ́ kan kún ọdún ní ọdún kẹrin-kẹrin. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn àlùfáà tí àṣẹ náà wà lọ́wọ́ wọn ka ọdún tí wọ́n wà mọ́ ọn, wọ́n sì ń fi ọjọ́ náà kún un ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Láàrin ọdún 36, ìgbà 12 ni wọ́n fi ọjọ́ kún un dípò ìgbà 9. Ọba Augustus ni ó dá ìfikún náà dúró fún ọdún díẹ̀ kí ìṣirò tó tọ́. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ẹlẹ́yà.

Nígbà tí mẹ́rin fúnra rẹ̀ kò tó

Ẹlòmíràn lè mọ̀ pé mẹ́rin ni, kí ó sì kọ */4 sí ipò ọjọ́ inú oṣù nínú cron. Ó rò pé òun ti pàṣẹ ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ ni pé kí iṣẹ́ wáyé ní ọjọ́ 1, 5, 9, 13, 17, 21, 25 àti 29, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù tuntun. Bí oṣù bá ní ọjọ́ 31, láti ọjọ́ 29 sí ọjọ́ 1 jẹ́ ìyàtọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá ní 30, ọjọ́ méjì ni. Ọrún kò mọ oṣù. Ó ń lọ ní tirẹ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a mú ọjọ́ kan tí ó dájú pé a ná ọjà náà, kí a fi í ṣe òpó. Kí ètò máa jí ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, kí ó ka iye ọjọ́ tí ó ti kọjá láti ọjọ́ òpó náà, kí ó sì fi mẹ́rin pín in. Bí kò bá ṣẹ́ ku ohunkóhun, òní ni ọjọ́ ọjà. Bí mẹ́ta bá ṣẹ́ kù, ọ̀la ni. Nígbà náà ni kí ó ránṣẹ́. Ká ní a ná ọjà kan ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá. Méjì ni yóò ṣẹ́ kù, ọjà kò sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, mẹ́ta ni yóò ṣẹ́ kù. Ọjà di ọ̀la, ọjọ́ 2. Ètò tí ó kọ */4 ti kéde ọjà ní ọjọ́ 1. Ètò tí ó kọ 5 ti kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 31. Àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà.

Aago náà ní láti jẹ́ aago ìlú. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwọn ojúlé ń gbé ń lo aago àgbáyé, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Bí a kò bá sọ fún ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ aago mẹ́fà yóò dé ní aago méje. Bí ó bá ṣe ìṣirò ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru wa, àná ni ọjọ́ yóò ṣì jẹ́ lójú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀rọ tí ń kọ kóòdù

Láti ọdún 2021 tí GitHub Copilot ti jáde, àti òpin ọdún 2022 tí ChatGPT tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń kọ kóòdù bí ènìyàn bá ti ṣàlàyé ohun tí ó ń fẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó lè fi kọ àkọsílẹ̀, olùṣọ́ àti òṣìṣẹ́ tí a mẹ́nu kàn lókè. Ohun rere ni èyí jẹ́ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún ni a ń ná ọjà, 5 náà ni ó ṣeé ṣe kí ó kọ, nítorí pé ohun tí a sọ ni ó gbọ́.

Ibi tí ewu náà jinlẹ̀ sí ni pé ètò tí ó ṣìnà lè jọ èyí tí ó pé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 1, 5, 9, 13, 17 àti 21 ni ọjọ́ ọjà. Ètò tí ó kọ 5 yóò kéde ọjọ́ 1, 6, 11, 16 àti 21. Wọ́n bára mu ní ọjọ́ 1, wọ́n sì tún bára mu ní ọjọ́ 21. Ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ méjì yìí nìkan yóò gbé e jáde fún àwọn ọlọ́jà. Ìyá tí ó gbára lé e yóò já tòmátì, yóò sì háyà ọkọ̀ ní ọjọ́ kẹfà, yóò bá àtẹ òfìfo. Tòmátì kò ní dúró de ọrún tí ń bọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ kì í ṣe “ọjọ́ mélòó?” bí kò ṣe “bí ẹ bá ná an lónìí, ọjọ́ wo ni ẹ óò tún ná an?” Lẹ́yìn ìdáhùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọjọ́ ọjà oṣù méjì gbáko sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ó kà á fún ọlọ́jà, kí ó sì rí i pé kóòdù náà bá a mu ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, pàápàá níbi tí oṣù ti ń parí. Àwọn tí ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Pọ́lì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlaròó ní 1979 kò jìnnà sí ọlọ́jà tí wọ́n lè bi. Olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ ìṣirò náà lè fi ọrún ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú kíláàsì: kí ọ̀kan ṣàlàyé ìjẹta, kí èkejì ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí a bá fi mẹ́rin pín iye. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ọjà kò lè kọ ètò ọjà, ìbáà jẹ́ ènìyàn, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ.