Nígbà tí Abacha ra irin rélùwéè lókè òkun, èló ni dọ́là?

Rélùwéè kò dé Etíòrò-Akókó rí, ṣùgbọ́n irin ń dé ibẹ̀: irin ilẹ̀kùn, irin wíńdò, páìpù tí àwọn wẹ́dà ń rà ní Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá sì ń ra irin tó ti òkè òkun wá, ọ̀rọ̀ òṣèlú kàn án, bó fẹ́ bó kọ̀.

Ẹ wo ọdún 1995. Ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé ní 1993 ṣì ń da ìlú rú, Abíọ́lá wà ní àtìmọ́lé, àjọ Commonwealth sì dá Nàìjíríà dúró lóṣù kọkànlá lẹ́yìn tí wọ́n pa Ken Saro-Wiwa. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Abacha gbé àtúnṣe rélùwéè fún ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà, mílíọ̀nù 528 dọ́là. Ajaokuta wà nítòsí Akókó o, ní Kogí, àmọ́ iná ìléru ńlá tó yẹ kó máa yọ́ irin níbẹ̀ kò tíì jó rí.

Ibi tó kan oníṣòwò kékeré nìyí. Iye tí ìjọba ní kí dọ́là jẹ́ nígbà náà ni 22 náírà. Níta, ó ti tó bíi 80. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ní 22, owó iṣẹ́ yẹn jẹ́ bílíọ̀nù 11.6 náírà, ní 80, ó di bílíọ̀nù 42.2. Ìjọba lè rí dọ́là ní 22. Ta ni yóò tà á bẹ́ẹ̀ fún wẹ́dà? Ẹni tó ti fi iye irin àná gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, àpò ara rẹ̀ ló fi dí àlàfo náà. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023: dọ́là tí báńkì ń tà ní nǹkan bíi 470 náírà kọjá 600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú máa ń kọ ọjọ́ tí iye owó yóò yí padà sínú ìwé tí wọ́n fún oníbàárà, ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún. Bí àsansílẹ̀ bá ti wọlé, irin ni wọ́n ń fi rà lọ́jọ́ náà.

Ojú irin tó sún mọ́ Etíòrò jù lọ ni ti Itakpe. Ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 2020 ni wọ́n tó ṣí i dé Wàrì, lábẹ́ ìjọba kẹjọ! Kó tó di ìgbà yẹn, olè ti tú irin rẹ̀ tà níbi púpọ̀. Irin rélùwéè dára fún alágbẹ̀dẹ láti lu irin mìíràn lé lórí, ó le dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ta àlòkù irin bá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ kọ́kọ́ gba rísíìtì tó fi rà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rélùwéè.