Kí Ìrì Dídì Tó Dé

Bí oṣù October bá ti dé ìdajì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń dáko kì í fi ìròyìn ojú ọjọ́ ṣeré mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ́tí sí: ṣé ìrì máa dì lóru òní? Òfin ọdún 1908 ló fi dandan lé e fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ pé kí wọ́n wá ilẹ̀ fún aráàlú tó bá fẹ́ gbin ohun tí yóò jẹ. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata rodo àwọn ọmọ Yorùbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pòtétò àti kábéèjì aládùúgbò wọn. Òru ọjọ́ kan péré lè sọ iṣẹ́ oṣù márùn-ún di òfo lára àwọn kan nínú wọn, kí àwọn mìíràn má sì mira rárá.

Ojú ọ̀run tó mọ́ kedere lóru ni kí àgbẹ̀ bẹ̀rù. Kò sí ìkùukùu tí yóò dá ooru ilẹ̀ padà, kò sí atẹ́gùn tí yóò rú òtútù pọ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ tútù á ṣàn lọ sí ibi kòtò, oko ẹsẹ̀ òkè á sì kọ́kọ́ fara gbá a. Bí ewé bá tutù kọjá òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, yìnyín náà á sì fa ara ewé ya láti inú. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ewé ilá tó ń tàn yọ̀yọ̀ lánàá á ti dúdú, á rọ jọwọrọ bí èyí tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí ìròyìn tan òun: àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń wọn afẹ́fẹ́ níbi tó ga ju mítà kan lọ sílẹ̀. Wọ́n lè pè é ní ìwọ̀n 3, kí orí ilẹ̀ sì ti dì.

Tòmátì, ata, ilá, ewédú, elégédé: ilẹ̀ olóoru ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, wọn ò lè gba òtútù. Kéèlì, líìkì àti pásínìpù ní tiwọn, ṣe ni òtútù ń mú wọn dùn sí i. Wọ́n ń sọ sítáàṣì ara wọn di ṣúgà, omi tí ṣúgà bá sì wà nínú rẹ̀ kì í tètè dì. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù hú pásínìpù rẹ̀ lóṣù October ti fi adùn sílẹ̀ nínú oko. Àwọn tí òtútù ń pa ni kó sáré sí.

Tòmátì ló máa ń dunni jù, torí bí òtútù ṣe ń wọlé ni igi rẹ̀ ṣì kún fún èso tí kò tíì pọ́n. Kò sídìí tí wọ́n fi máa dà á nù. Èyí tó bá ti tóbi tán, tí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ń ṣí, tó ń dán, yóò pọ́n nínú ilé. Èyí tó kéré, tó sì le koko kò ní pọ́n. Ṣúgà àti fínígà ni kí wọ́n fi sè é. Kí wọ́n já a kí ìrì tó kàn án, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tò ó sínú páálí láìjẹ́ kí ọ̀kan gun ọ̀kan. Kò nílò oòrùn. Yàrá tó wà láàárín ìwọ̀n 18 sí 21 ti tó. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n bá wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ ethylene tó ń jáde lára rẹ̀ á mú wọn pọ́n kíákíá. Kí wọ́n má gbé e sí fíríìjì o: níbi tí kò bá tó ìwọ̀n 10, pípọ́n á dúró, adùn á sì lọ. Ó yẹ kí wọ́n máa tú páálí náà wò lóòrèkóòrè, torí ẹyọ kan tó bá rà lè ba ìyókù jẹ́.

Elégédé rọrùn díẹ̀. Ọ̀bẹ ni kí wọ́n fi gé e, kí igi orí rẹ̀ ṣẹ́kù lára rẹ̀, kí wọ́n má sì fi igi náà gbé e, torí bó bá já, ojú ibẹ̀ ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá níbi tó móoru tó sì gbẹ, awọ rẹ̀ á le, wọ́n á sì lè jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọdún tuntun.

Ilá ní tirẹ̀, ọmọ Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ látayébáyé: wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á sá a, á di orúnlá. Ṣùgbọ́n oòrùn October ní Lọ́ńdọ̀nù ò lágbára, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin. Ilá á ti bu kó tó gbẹ. Ààrò oníná tí wọ́n yí sí bí ìwọ̀n 60, tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, ló lè ṣe iṣẹ́ oòrùn níbẹ̀.

Firísà ló bá ẹ̀fọ́ mu, àmọ́ wọn kì í kó o sí i ní tútù. Èròjà kan wà nínú ewé tó ń mú un gbó, tí òtútù ò lè dá dúró. Ooru ló ń kápá rẹ̀. Wọ́n á kó ẹ̀fọ́ sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á wà á sínú omi oníyìnyín, wọ́n á fún un, wọ́n á tẹ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀. Ata rodo ò nílò gbogbo ìyẹn: kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n nù ún, ó parí. Láàárín ọdún 1912 sí 1915, Clarence Birdseye, ará Amẹ́ríkà, rí i ní Labrador pé ẹja tí àwọn Inuit bá pa máa ń dì lójú ẹsẹ̀ nínú òtútù líle ibẹ̀, adùn rẹ̀ kì í sì dín. Ohun tó bá tètè dì, yìnyín wínníwínní ló ń wà nínú rẹ̀, kì í ya ara rẹ̀ bí ìrì ṣe ń ya ewé lóko. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá ẹ̀fọ́ pẹrẹsẹ nínú firísà ju kí wọ́n dì í ní gìdìgbà lọ.

Ìgò ló gba ìṣọ́ra jù. Lọ́dún 1810, ìjọba Faransé fún Nicolas Appert ní 12,000 faranki, torí ó ti fi hàn pé oúnjẹ tí wọ́n bá dé mọ́ inú ìgò, tí wọ́n sì sè tìgò-tìgò, kì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà nínú erùpẹ̀ tó ń jẹ́ Clostridium botulinum. Hóró rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Bó bá bá ara rẹ̀ nínú ìgò tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, tí oúnjẹ ibẹ̀ ò sì kan, ó ń ṣe májèlé tó lè dá èémí èèyàn dúró, ó sì lè má rùn, ó lè má hàn lójú. Ní April 2015, nílùú Lancaster ní ìpínlẹ̀ Ohio, èèyàn 29 ló ṣàìsàn lẹ́yìn oúnjẹ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan sì kú nínú wọn. Pòtétò tí wọ́n tọ́jú sínú ìgò nílé, tí wọ́n kàn fi omi híhó sè, ló dá a sílẹ̀. Ilá, ẹ̀fọ́, kárọ́ọ̀tì àti pòtétò ò gbọdọ̀ wọ ìgò láìsí ìkòkò pressure tó ń mú ooru dé ìwọ̀n 116. Tòmátì wà lẹ́nu ààlà: ṣíbí ọbẹ̀ kan omi lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n rà nínú ìgò ni kí wọ́n fi sí ìdajì lítà kí wọ́n tó sè é, torí kíkan èyí tí èèyàn fún fúnra rẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹni tí kò bá ní ìkòkò náà, firísà ni kó lọ.

Kábéèjì ò le tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n rẹ́ ẹ, kí wọ́n fi iyọ̀ gíráàmù 20 sí kìlò kan, kí wọ́n fọwọ́ rún un títí omi rẹ̀ á fi bò ó, kí wọ́n dé e láìfún un pa. Ìran kòkòrò tó ń mú ògì kan ló ń mú òun náà kan.

Nígbà tí ebè bá sì ti ṣófo, aáyù ló kàn. October sí November ni wọ́n ń gbìn ín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè. Òtútù ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń mú kó pín sí ẹyọ-ẹyọ. Èyí tí òtútù ò bá mú tó lè di odidi roboto kan láìpín. Tó bá di July, wọ́n á wú u.