Sákárà: Ìlù Tí A Fi Amọ̀ Mọ

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Bí àgbà bá pa òwe yìí, ìkòkò ọbẹ̀ ni ọkàn wa ń lọ sí. Ta ni ń rántí ìlù? Bẹ́ẹ̀ ni ìlù kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí í la iná kọjá bí ìkòkò kí ó tó lè fọhùn. Sákárà ni orúkọ rẹ̀.

Ní Ẹdẹ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ìlù kì í ṣe àjèjì. Tìmì Adétòyèsè Láoyè Kìn-ín-ní, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù lù, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Síbẹ̀, bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé pé kí ni a fi ń ṣe ìlù, "igi àti awọ" ni yóò wí. Òótọ́ ni ní ti dùndún àti bàtá. Ti sákárà yàtọ̀. Amọ̀ ni a ń pò, tí a sì ń mọ bí òrùka ńlá. A ó sá a kí ó gbẹ, a ó sì sun ún nínú iná. Lẹ́yìn náà ni a ó fi awọ ewúrẹ́ bò ó lójú, a ó fi èèkàn wẹ́wẹ́ há a yíká. Onílù á fi ọwọ́ òsì gbá a mú, á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú. Ìka ọwọ́ òsì tí ń tẹ awọ ni ń yí ohùn rẹ̀ padà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a mú amọ̀ fọhùn. Kí Columbus tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1492, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń fi amọ̀ mọ ẹyẹ, ọ̀pọ̀lọ́ àti ajá tí ń dún bí fèrè. Ní Peru, àwọn Chimú mọ ìgò amọ̀ oníbejì: bí a bá rọ omi sí i tí a sì fì í síwá sẹ́yìn, omi á ti afẹ́fẹ́ jáde, ẹyẹ orí rẹ̀ á súfèé. Inú ibojì ni a ti hú púpọ̀ nínú irú ohun èlò wọ̀nyí jáde. Òmíràn ṣì ń dún. Ṣùgbọ́n orin tí a ń fi wọ́n kọ ti bá àwọn tí wọ́n ni ín wọlẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí. Amọ̀ sísun kì í jẹrà bí igi. Ìmọ̀ ni ó tètè ń sọnù. Yusuf Ọlátúnjí, ìlúmọ̀ọ́ká olórin sákárà, kú ní 1978. Àwo rẹ̀ wà, a ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwo kò lè kọ́ ọmọ bí a ti ń po amọ̀ àti bí ìka ti ń tẹ awọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ amọ̀kòkò àti onílù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òrùka amọ̀ nìkan ni àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò hú nílẹ̀, wọn yóò sì máa bi ara wọn pé: "Kí ni èyí ń sọ nígbà ayé rẹ̀?"