Ìjà Ni àbí Eré? Ọ̀rọ̀ Àwọn Oníjàkadì inú Tẹlifíṣàn

Ìyá kan tí ń ta ẹja yíyan lọ́jà Agbálátà, ní Àgbádárìgì níbí, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan ló ń ṣeré níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ni ọ̀kan bá gun orí tábìlì, ó fò lé èkejì láyà bíi tàwọn inú tẹlifíṣàn.

"Yéè! Wọ́n fẹ́ para wọn o! Ọmọ mi, ìwọ oníwèé ìròyìn, ṣé òótọ́ ni ìjà yẹn àbí irọ́?"

Télọ̀ ní irọ́ gbuu ni. Bíríkìlà kan tó jókòó níbẹ̀ ní kí ẹni tó ń pè é nírọ́ wá jẹ́ kí wọ́n gbé òun sókè, kí wọ́n là á mọ́lẹ̀ wò.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Àwọn àgbà ṣì ń rántí Power Mike, Michael Okpala, ọmọ Neni ní ìpínlẹ̀ Anambra, tó ṣaláìsí ní 2004. Nígbà ayé rẹ̀, ẹni tó bá taagun ládùúgbò, Power Mike ni wọ́n máa ń pè é. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó di ẹni tí ń ṣètò ìjà fún àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní 1989, àwọn tó ni WWF ní Amẹ́ríkà, tó di WWE lónìí, fẹnu ara wọn sọ fáwọn aṣòfin New Jersey pé àwọn kì í díje, pé láti dá èrò lára yá làwọn ṣe ń jà. Wọn ò fẹ́ kí ìjọba máa ṣọ́ wọn bíi tàwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ ni.

Télọ̀ ò purọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bíríkìlà náà ò purọ́! Irin àti pákó ló wà lábẹ́ tìmùtìmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ṣubú lé. Wọ́n ti fẹnu kò lórí ẹni tí yóò borí, àmọ́ ilẹ̀ ò bá wọn dá sí àdéhùn.

Ní June 28, 1998, Undertaker ti Mick Foley láti òkè àgò onírin, bí ẹsẹ̀ bàtà 16, ó balẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n ti ń gbé e lọ, ló bá dìde, ó tún gùn ún! Òrùlé àgò já, ó tún ré bọ́. Eyín rẹ̀ kán wọ ihò imú. Síbẹ̀ ó parí ìjà náà.

Ti Owen Hart burú jù. Ní May 23, 1999, wọ́n ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti òrùlé ní Kansas City, kí èrò lè pariwo. Okùn tú. Ó kú. Kì í ṣe ọ̀tá ló pa á, àṣehàn ni.

Ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀ o. Tólúlọpẹ́ Ọmọgbẹ̀hìn, tí wọ́n ń pè ní Omos, Èkó ni wọ́n bí i sí, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ní April 10, 2021, ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni òun àti AJ Styles fi gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Kofi Kingston ọmọ Ghana àti èkejì rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Àmọ́ ṣá, ìṣubú gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ wọn, fún ọ̀pọ̀ oṣù: bí wọ́n ṣe ń fa àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má gbá ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi gbogbo ẹ̀yìn balẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fò lé mọ̀ pé ó ń bọ̀, ó sì ń gbà á. Àwọn ọmọ Agbálátà ò kọ́ ìkankan nínú ẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá ẹlẹ́ja. Ó ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wọn?" Kí n tó kúrò níbẹ̀, télọ̀ ti gbé tábìlì rẹ̀ wọlé.