Javel tó pẹ́ nínú ooru ń di omi iyọ̀

Ẹ̀yin oníṣòwò Zongo ní Parakou, àti gbogbo ẹni tó ń fi Javel, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bílíìṣì, pa kòkòrò inú omi kànga, ẹ kíyè sí ike tó ti pẹ́ lóòrùn. Ó lè máa rùn síbẹ̀, kí agbára rẹ̀ sì ti dín kù.

Kílórínì àti ọ́síjìn wà nínú èròjà tí Javel fi ń pa kòkòrò. Bí ooru bá mú un, èròjà náà á máa tú ara rẹ̀ ká. Nínú mẹ́ta, méjì á gbé ọ́síjìn wọn fún ẹ̀kẹta. Àwọn méjì yẹn á di iyọ̀, irú èyí tí a fi ń se ọbẹ̀. Ẹ̀kẹta á di kílórétì. Kò sí èyí tó ń pa kòkòrò bíi Javel nínú wọn. Disproportionation ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè é: nǹkan kan náà ni, apá kan jèrè, apá kejì pàdánù.

Nítorí náà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kí ẹ tó rà á. Ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e síbi tútù tó ṣókùnkùn. Bí ẹ bá wọn ọ́n sómi bí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ní kí ẹ ṣe, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó mu omi náà.

Ẹ má pò ó mọ́ òroǹbó wẹ́wẹ́ tàbí ásíìdì ìfọlé o! Afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde, ó sì lè pani.