Nípa Kókó Tí Ń Hù Lẹ́yìn Ẹyinjú, àti Ọ̀nà Tóóró Tí A Ń Gbà Mú Un Jáde

Nígbàtí ènìyàn bá ṣàkíyèsí pé ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ ń yọ síta ju èkejì lọ, tí a sì wí fún un pé kókó ni ó hù lẹ́yìn ẹyinjú náà, abẹ ni ohun tí ó ń bà á lẹ́rù jù. Ó rò pé a ó ya ojú òun, a ó sì yọ ẹyinjú náà sọnù. Nítorí ẹ̀rù yìí ni àwọn mìíràn ṣe ń fi gèlè tàbí fìlà bo ojú, títí ìríran yóò fi ṣòfò. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún yín bí a ti ń gba ọ̀nà tóóró mú irú kókó bẹ́ẹ̀ jáde nísisìyí, àti ìdí tí ọ̀nà tóóró náà kò fi yẹ fún gbogbo kókó.

Kòtò ojú dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò: ó fẹ̀ níwájú, ó sì tín-ín-rín lẹ́yìn. Eegun méje ni ó parapọ̀ yí i ká. Àyè inú rẹ̀ kò ju èyí tí omi 30 mílílítà lè kún lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹ̀kún ṣíbí ńlá méjì. Nínú àyè kékeré yìí ni ẹyinjú wà, pẹ̀lú iṣan mẹ́fà tí ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀rá, òpó ẹ̀jẹ̀, àti okùn tí ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní okùn ìríran. Bí kókó bá hù níbẹ̀, eegun kò ní yẹ̀ fún un. Iwájú nìkan ni ó lè ti nǹkan sí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ojú fi ń yọ síta.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ àtijọ́ kò lè rí inú kòtò yìí láìṣí i. Ní ọdún 1888, Rudolf Krönlein ti ìlú Zurich kọ̀wé nípa bí a ti lè la ẹ̀gbẹ́ ojú lápá ẹ̀bátí, kí a gé eegun ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a sì dá a padà lẹ́yìn iṣẹ́. Ní ọdún 1941, Walter Dandy ti Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde nípa gbígba òkè lọ: a ó ṣí agbárí, a ó sì rọra gbé ọpọlọ sókè kí a tó dé òrùlé kòtò ojú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tí ń wá nǹkan nínú òkùnkùn kò lè ṣe aláìṣí ilẹ̀kùn gbàgàdà. Ohun tí ó yí ọ̀ràn padà ni àwòrán. Ní ọdún 1971, ní Lọ́ńdọ̀nù, a fi ẹ̀rọ CT ya inú orí aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ MRI dé. Kí abẹ tó kan awọ, oníṣègùn ti mọ ibi tí kókó wà.

Òfin kan sì wà tí kò gbọdọ̀ rú: kí ó má ṣe ré okùn ìríran kọjá. Bí kókó bá wà lápá òsì okùn náà, apá òsì ni kí ó gbà wọlé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó lè la ìlà tí ìpéǹpéjú òkè ń ká sí, níbi tí àpá yóò sá pamọ́ sí bí ojú bá là. Ó lè gba awọ fẹ́lẹ́ inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, tàbí ẹ̀bá ẹran pupa kékeré tí ó wà ní igun ojú lápá imú, láìsí àpá kankan lójú. Bí kókó bá wà jìnnà lẹ́yìn, lápá imú, ihò imú gan-an ni a ń gbà, pẹ̀lú awò gbọọrọ tí ó ní iná lẹ́nu, tí kò sì sábà nípọn ju mílímítà 4 lọ. Ògiri eegun tí ó wà láàárín imú àti ojú kò le rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi ìwé sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Látìn, nítorí fífẹ́lẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2010, Kris Moe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle ròyìn bí a ti ń fi irú awò yìí gba ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ọ̀nà tí Dandy gbà lọ ni àwọn wọ̀nyí ń gbà bọ̀!

Kókó tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn ojú àgbà, nínú àwọn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, jẹ́ ìdìpọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ tí awọ bò yíká, tí ó pọ́n dúdú bí èso. Jẹ́jẹ́ ni ó ń dàgbà. A lè fi ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ tutù bí yìnyín kàn án. Kókó náà yóò dì mọ́ ọ̀pá, a ó sì rọra fà á jáde. Bí ó bá tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ, a lè fa ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kí ó sọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ máa yin ọgbẹ́ kékeré nítorí kíkéré rẹ̀. Kókó kan wà tí ń hù níbi tí omijé ti ń sun, ní igun òkè lápá ẹ̀bátí. Bí a bá fọ́ awọ rẹ̀, ó lè tún hù padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Odidi ni a gbọ́dọ̀ yọ ọ́, bí ó tilẹ̀ gba pé kí a gé eegun bí ti Krönlein. Òmíràn kò sì fẹ́ abẹ ju kí a bu díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Èyí tí Denis Burkitt kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958, láti Kampala ní ilẹ̀ Ùgáńdà, tí ń wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti kòtò ojú àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà, oògùn ni a fi ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ojú tí ó yọ ni ó ní kókó. Àìsàn ọ̀fun tí a ń pè ní táírọ́ìdì ni ó ń fa ti ọ̀pọ̀ àgbà.

Ní òru tí ó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì a máa jí aláìsàn, a tan iná sí ojú náà, a sì bi í pé ìka mélòó ni ó rí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ da oorun rẹ̀ láàmú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá sẹ́yìn ẹyinjú, ó lè fún okùn ìríran pa láàárín wákàtí díẹ̀, bí a kò bá tètè tú ojú ọgbẹ́. Nítorí náà, aláìsàn tí ìrora rẹ̀ ń le sí i, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, kí ó má ṣe dúró de òwúrọ̀. Kí ó kígbe pe ẹni tí ó wà nítòsí.